Nípa Mọ́tò Aláwọ̀ Ewé tí Mo Rà ní Kàdúná

Òkè-Ìlá,
Adó-Èkìtì.
Ọ̀sán Ọjọ́rú.

Bàbá mi àtàtà,

N kò mọ bí a ti ń kí ẹni tó wà níbi tí ẹ wà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kí yín bí mo ti máa ń kí yín nígbà tí ẹ bá ti ìrìn àjò dé: ẹ kú ìrìn, ẹ kú ọ̀nà jíjìn, ṣé mọ́tò náà dára? Ẹ ó bọ́ fìlà, ẹ ó bu omi mu, ẹ ó sì ṣẹ́wọ́ sí mi pé kí n jẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mí ná. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni mo ti ọ̀nà dé. Èmi ni mo fẹ́ mí kí n tó sọ̀rọ̀. Ìyá mi wà ní àlàáfíà, ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀, wọ́n sì ṣì ń fi ọ̀pá yín lé ewúrẹ́.

Bàbá mi, mo ti ra mọ́tò. Ó wà níta lábẹ́ igi máńgòrò bí mo ti ń kọ èyí, adìyẹ onílé wa sì ti sọ orí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ di ibùsùn. Aláwọ̀ ewé ni. Irú èyí tí òyìnbó alábòójútó ilé ẹ̀kọ́ ń gùn wá sí Adó nígbà tí mo ṣì kéré ni: onímú rogodo, ẹ̀yìn rẹ̀ yípo bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé, apá pupa kékeré kan a sì máa nà jáde lára òpó ìlẹ̀kùn rẹ̀ bí ó bá fẹ́ yà. Ní gbogbo Adó, ẹ̀yin nìkan ni òyìnbó yẹn gbà kí ó fọwọ́ kan ẹnjìnnì rẹ̀. Bí ẹ bá tún un ṣe tán, ẹ ó nu ọwọ́ yín kí ẹ tó pa ìlẹ̀kùn rẹ̀ dé, ẹ ó dúró máa wò ó títí eruku rẹ̀ yóò fi rọlẹ̀ ní ojú ọ̀nà. Ẹ ti sọ ọ́ létí mi tó ìgbà mélòó pé bí Ọlọ́run bá fẹ́ fún yín ní mọ́tò kan ṣoṣo láyé, irú rẹ̀ ni kí Ó fún yín.

Kò fún yín. Gbogbo ayé yín lẹ fi ń bá ẹni ẹlẹ́ni wo mọ́tò kí wọ́n tó rà á. Ẹ bá wọn dé Ìbàdàn, ẹ bá wọn dé Èkó, ẹ bá wọn dé Jọ́ọ̀sì. Ẹ ó wọ lọ́rí lọ, ẹ ó jókòó sẹ́yìn mọ́tò olówó bọ̀. Ẹ̀yin fúnra yín ò ní ju kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo lọ, kẹ̀kẹ́ náà kò sì ní búrékì. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí, n ò ní í purọ́ fún yín.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa ti bi mí bóyá mo fẹ́ fi mọ́tò mi kó iṣu ni. Àwọn olùkọ́ yòókù ń ra tuntun, èyí tí ọ̀rá ṣì bo àga rẹ̀. Èmi wá lọ ra èyí tó dàgbà ju gbogbo ọmọ kíláàsì mi lọ. Sitiárìn rẹ̀ tún wà lápá ọ̀tún, nítorí pé wọ́n ti ṣe é kí ìjọba tó ní kí gbogbo wa kó lọ máa gba ọwọ́ ọ̀tún títì. Bí mo bá fẹ́ ya lọ́rí sílẹ̀, àfi kí ẹni tó jókòó lápá òsì bá mi yọjú wò bóyá ọ̀nà ṣófo. Wọ́n ní kò bóde mu mọ́. Mo ní èmi náà kò kúkú bóde mu, kí wọ́n fi àwa méjèèjì sílẹ̀.

Bí ó ti ṣẹlẹ̀ nìyí. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbé Kàdúná gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé irú mọ́tò yìí ni mo ń wá. Kò pẹ́ tí lẹ́tà fi dé pé bàbá àgbà kan, ọmọ Ìgbẹ́mọ tó wà nítòsí Adó níbí, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, ní ọ̀kan tó fẹ́ tà. Wọ́n fi fọ́tò sínú àpò lẹ́tà náà. Bàbá ọ̀hún dúró síwájú mọ́tò, wọ́n gbé ọwọ́ lé e bí ẹni gbé ọwọ́ lé orí ọmọ. Kàdúná jìnnà ju ibikíbi tí ẹsẹ̀ mi ti dé rí lọ, àmọ́ nígbà tí mo gbọ́ Ìgbẹ́mọ báyìí, ọ̀nà náà kúrú lójú mi. Ta ni yóò ti Ìgbẹ́mọ dé Kàdúná kí ó wá lu ọmọ Adó ní jìbìtì?

Síbẹ̀, ọmọ yín ni mí. N kò lè ra mọ́tò lórí fọ́tò. Mo kọ̀wé sí Bọ̀dá Làmídì, ọmọṣẹ́ yín àgbà, tó ti kó lọ sí Kàdúná lẹ́yìn ìsìnkú yín, tó sì ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ níbẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó lọ bá mi wò ó bí ẹ̀yin ìbá ti wò ó.

Mo mọ bí ẹ ti ń wò ó. Ìsàlẹ̀ lẹ ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn yòókù á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ní kí wọ́n tẹná sí i, wọ́n á máa mi orí bí lèmọ́mù. Ẹ̀yin ò ní wo ẹnjìnnì rárá. Ẹ ó tẹ́ àpò sílẹ̀, ẹ ó ní Bísímílláì, ẹ ó wọ abẹ́ mọ́tò lọ. Ẹ ó máa fi òòlù kékeré kan ṣáásì, irin tó jẹ́ egungun mọ́tò, láti iwájú dé ẹ̀yìn, ẹ ó máa gbọ́ ohùn rẹ̀, nítorí irin tó le a máa dún, irin tó ti dógùn-ún a sì máa dákẹ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹ ó fa òòfà yín yọ, èyí tí ẹ so mọ́ okùn bí tírà, ẹ ó máa fà á lọ lára mọ́tò. Níbi tí òòfà bá ti jábọ́, irin kọ́ ló wà níbẹ̀, pọ́tì tí wọ́n fi dí ihò kí wọ́n tó kùn ún lọ́dà ni. Nígbà tí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tán ni ẹ ó tó yíjú sí ẹnjìnnì.

Òfin kan ṣoṣo lẹ sì ní tí kò ní ẹ jọ̀ọ́: ẹ kì í jẹ, ẹ kì í mu nílé ẹni tó ń ta mọ́tò títí ẹ ó fi parí iṣẹ́. Omi tútù pàápàá, ẹ kì í gbà á. Àwọn kan ní ìgbéraga ni. Àwọn kan ní ẹ̀rù májèlé ló ń bà yín. Èmi mọ̀ pé kì í ṣe èyíkéyìí níbẹ̀. Bí ẹnu bá jẹ, ojú a tì, ojú tó bá sì ti tì kò lè wo abẹ́ mọ́tò ẹni tó bọ́ ọ.

Èmi ló ń gbé tọ́ọ̀ṣì fún yín, ṣé ẹ rántí? Mo mọ ohùn irin kí n tó mọ ABD. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí tó wà lọ́kàn mi kí n tó tún fi ọ̀rọ̀ mìíràn bò ó. Nígbà tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, àwọn ọmọbìnrin ẹlẹgbẹ́ mi rí gíríìsì lábẹ́ èékánná mi, wọ́n sọ mí ní Ìyá Mẹkáníìkì. Lọ́jọ́ kan ẹ gbé gààrì wá fún mi. Ẹ dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ yín, òróró ẹnjìnnì dé ìgbọ̀nwọ́ yín. Mo rí yín láti ojú fèrèsé. Mo rán ọmọ mìíràn pé kí ó lọ gbà á, kí ó ní mo wà nínú ìdánwò. Kò sí ìdánwò kankan lọ́jọ́ náà, Bàbá mi. Ẹ gbójú sókè wo fèrèsé yẹn lẹ́ẹ̀kan, ẹ yí kẹ̀kẹ́ yín padà, ẹ lọ.

Ṣé ẹ rí mi? Mo ti bi ara mi ní ìbéèrè yìí títí ó fi sú mi. Láti ọjọ́ náà, ẹ kò ké sí mi kí n wá gbé tọ́ọ̀ṣì mọ́, èmi náà kò sì bèèrè. Nígbà tí àìsàn dá yín dùbúlẹ̀, tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni, Làmídì lẹ pè, Làmídì lẹ sì kó òòlù àti òòfà fún. Mo bínú sí yín. Mo bínú sí Làmídì pẹ̀lú, ẹni tí kò ṣẹ̀ mí. Ọdún kejì rèé tí ẹ ti lọ, kò tíì pẹ́ tí mo gbà fún ara mi pé èmi ni mo kọ́kọ́ kọ iṣẹ́ yín.

Ẹ wá rí i pé kì í ṣe mọ́tò nìkan ni mo ń rà. Gbogbo ohun tí mo ti fi pamọ́ láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ni ni mo fẹ́ kó lé e lórí. Bí ó bá dára, ohun tí ẹ fẹ́ láyé yóò wọ Adó lórúkọ yín. Bí ó bá jẹ́ òkú mọ́tò tí wọ́n kùn lọ́dà, n kò ní ní òmíràn láti fi bẹ̀rẹ̀, ọmọ ẹni tó mọ mọ́tò wò jù ní Èkìtì yóò sì di ẹni tí wọ́n ta òkú mọ́tò fún.

Lẹ́tà Bọ̀dá Làmídì dé, ojú ìwé mẹ́rin gbáko. Ó ní bí òun ti la ẹnu kí bàbá náà báyìí ni wọ́n ti gbọ́ Èkìtì lẹ́nu òun, ni wọ́n bá so mọ́ òun lọ́rùn. Ó ní wọ́n wádìí títí wọ́n fi rí i pé ìyàwó kan nínú agboolé ti òun wá láti Ìgbẹ́mọ. Ó ní ìyàwó bàbá gúnyán, iyán náà funfun, kò ní kókó, ẹran ìgbẹ́ ló wà nínú ọbẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì tún di ìrẹsì Ìgbẹ́mọ fún òun lọ sílé. Lẹ́yìn èyí ló tó kan mọ́tò. Ó ní ẹnjìnnì rẹ̀ ń dún bí ẹ̀rọ ìránṣọ, ọ̀dà rẹ̀ ń dán, fèrè rẹ̀ ń ké. Kí n rà á kíá, nítorí pé ará Sáríà kan ń bọ̀ wá wò ó.

Mo fò sókè. Mo fi lẹ́tà náà han gbogbo olùkọ́. Mo ti lọ sọ ní báǹkì pé mò ń bọ̀ wá gba owó mi. Ọjọ́ kejì, bí àwọn ọmọ kíláàsì mi ti ń ka ìsodipúpọ̀ lákàtúnkà, mo fa lẹ́tà yẹn yọ láti tún gbádùn rẹ̀. Ìgbà kẹta nìyẹn tí mo kà á, ìgbà náà ni mo tó rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Nínú ojú ìwé mẹ́rin, kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nípa abẹ́ mọ́tò. Kò sí ṣáásì, kò sí òòlù, kò sí òòfà. Iyán nìkan gba ojú ìwé kan àti ààbọ̀.

Bọ̀dá Làmídì ti jẹun kí ó tó wò ó! Mo kọ́kọ́ bínú, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gbé mi débi pé àwọn ọmọ dákẹ́ ìsodipúpọ̀ wọn. Níbo ni ẹnìkan tún ti lè ṣe irú àṣìṣe yìí bí kò ṣe láàárín àwa ọmọ Èkìtì? Bí ó bá jẹ́ pé Haúsá tàbí Ìgbò ló ń ta mọ́tò náà ni, Làmídì ìbá tú u palẹ̀ dé orí nọ́ọ̀tì. Ọmọ ilé ẹni gbé iyán síwájú ẹni ní ilẹ̀ òkèèrè, ta ni yóò wá ní kí ó ṣí kápẹ́ẹ̀tì mọ́tò rẹ̀?

Kí ni kí n kọ padà sí i? Ó jù mí lọ, ó gbé mi pọ̀n rí. Ṣé kí n kọ̀wé sí àgbà pé iyán ló fọ́ ọ lójú? Ilé ẹ̀kọ́ gba ìsinmi lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo kàn tẹ wáyà sí i pé mò ń bọ̀, mo di ẹrù mi, mo lọ wọ rélùwéè ní Òṣogbo.

Bàbá mi, ẹ ò bá rí bí wọ́n ti gbà mí ní Kàdúná. Bàbá Ìgbẹ́mọ ti dúró sójú ọ̀nà, fìlà wọn lọ́wọ́.

“Ọmọ ulé wa rèé! Ẹ bá mi gbé odó uyán jáde o, ọmọ ulé wa dé!”

Ìyàwó wọn, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá, ti mú ọmọ odó lọ́wọ́ kí n tó jókòó. Bọ̀dá Làmídì ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, inú rẹ̀ dùn pé mo dé. Mo ti jókòó sínú rélùwéè láti àná, ebi ń pa mí débi pé ojú ń ṣú mi. Mo kúnlẹ̀.

“Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo mọ́tò.”

Màmá dá ọmọ odó dúró. Ẹ̀rín bọ́ lójú Bọ̀dá Làmídì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ti yé e.

“Ìwọ?” ni Bàbá Ìgbẹ́mọ wí. “Ìwọ obìnrin ni ó wo mọ́tò?”

“Èmi ni, sà.”

“Látìgbà tí mo ti wọ ulé ọkọ,” ni Màmá fi gbà á lẹ́nu wọn, “ọmọ Èkìtì kan ò kọ uyán mi rí. Ọ̀kan ò kọ̀ ọ́ rí!”

“Mi ò kọ̀ ọ́, Mà. Mo kàn ní kí ó dúró dè mí ni.”

Ojú tì mí. Ó wá yé mi nígbà náà ohun tí ó ń ná yín ní gbogbo ilé tí ẹ ti kọ oúnjẹ. Mo máa ń rò pé ó rọrùn fún yín ni. Bọ̀dá Làmídì rìn lọ, ó tẹ́ àpò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, ó na òòlù àti òòfà yín sí mi. Kò wo ojú mi. Mo di ìró mi le, mo ní Bísímílláì, mo wọ abẹ́ mọ́tò lọ.

Mo kan ṣáásì láti iwájú. Ó dún. Mo kàn án síwájú sí i, ó dún, ó dún, ó dún dé ẹ̀yìn. Egungun rẹ̀ le koko. Omi bọ́ lójú mi níbẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè rí mi, nítorí pé mo rò pé mo ti gbàgbé ohùn yẹn, n kò sì gbàgbé rẹ̀. Mo wá kan ilẹ̀ mọ́tò lábẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀. Ó dákẹ́. Mo tún un kàn. Òòlù dún bí ìgbà tí a bá ń kan páálí. Mo fi èékánná ha kọ́ltà tí wọ́n fi kùn ún, mo sì rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀: páànù òrùlé. Wọ́n gé páànù, wọ́n fi dí ibi tí ilẹ̀ mọ́tò ti jẹrà, wọ́n fi kọ́ltà bò ó lábẹ́, wọ́n fi rọ́bà bò ó lókè. Èyí tó wá dẹ́rù bà mí jù ni pé etí páànù náà ti ń ha ọ̀pá tí omi búrékì ń gbà kọjá. Ó ti ha á dé ààbọ̀. Bí mo bá ti wà á lọ bẹ́ẹ̀, lórí òkè kan báyìí ni ìbá já.

Nígbà tí mo jáde, ìdọ̀tí bò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Mo sọ ohun tí mo rí. Bàbá Ìgbẹ́mọ jókòó sórí àpótí kan.

“Páànù yẹn, mo mọ̀ nípa rẹ̀,” ni wọ́n wí. “Èmi ni mo fi dí i. Bí òjò bá rọ̀, ẹsẹ̀ mi a máa tutù.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún Bọ̀dá Làmídì?”

“Ṣé ó bèèrè ni? Mo jókòó tì í, mò ń retí kí ó wo ulẹ̀ mọ́tò kí n lè sọ fún un. Uyán ló ń yìn. Èmi náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín.”

Àmọ́ ti ọ̀pá búrékì, wọn kò mọ̀. Nígbà tí mo fi hàn wọ́n, wọ́n ká ọwọ́ lé orí. Ọjọ́ Ìsinmi gbogbo ni wọ́n fi mọ́tò yẹn gbé Màmá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá fúnra wọn fi ọmọ odó sílẹ̀, wọ́n wá wo ibẹ̀, wọ́n wo ọkọ wọn, wọ́n sì wo èmi.

Bọ̀dá Làmídì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní kí n má rà á. Ó ní bí ẹ bá wà láyé ẹ̀ bá ti lé òun kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń sunkún bí ó ti ń sọ ọ́, àgbà ọkùnrin. Gbogbo ìbínú tí mo ti ń gbé kiri láti ọdún méjì, mo wá a lọ́kàn mi, n kò rí i. Mo sọ fún un pé aṣọ ni ilẹ̀ mọ́tò, kì í ṣe egungun, bí aṣọ bá ya, a ó rán an ni. Mo ní mo rà á, bí ó bá lè bá mi rán an.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é. Ó gé páànù yẹn kúrò, àwọn wẹ́dà jó irin gidi sí i, ó pààrọ̀ ọ̀pá búrékì láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bí ó bá ṣe ibì kan tán, yóò pè mí kí n wá fi òòlù kàn án. Bàbá Ìgbẹ́mọ dín owó kù láìjẹ́ pé mo bẹ̀ wọ́n. Mo kó òòlù àti òòfà padà fún Bọ̀dá Làmídì, nítorí pé ẹ̀yin lẹ fún un, kò sì sí ẹni tó lè gba ohun tí ẹ fúnni. A sì jẹ iyán o! Mo jẹ ẹ́ débi pé Màmá dárí jì mí, wọ́n ní n kò sanra tó, wọ́n ní kí n tún bu òkèlè sí i.

Bọ̀dá Làmídì sìn mí délé nítorí sitiárìn tó wà lápá ọ̀tún. Ó jókòó sápá òsì, ó ń yọjú, ó ń kígbe “Ó yá!” bí ọ̀nà bá ṣófo, “Dúró!” bí kò bá ṣófo. Ẹ̀ẹ̀kan ló kígbe méjèèjì pọ̀, àánú Ọlọ́run ló yọ wá. Ní Jẹ́bà, a dúró kí ẹnjìnnì tutù, a ń wo odò Ọya. Ibẹ̀ ni mo ti rí ẹnu bi í bóyá ẹ sọ nǹkan nípa mi lọ́jọ́ tí ẹ kó irinṣẹ́ fún un. Ó ronú títí. Ó ní ẹ ò sọ nǹkan kan, ẹ kàn ń wo ẹnu ọ̀nà ni.

Ta lẹ ń retí, Bàbá mi? Ṣé èmi ni? N kò ní í mọ̀ láyé yìí. Mo ti sọ fún ara mi pé èmi ni, ẹ má bínú bí kò bá rí bẹ́ẹ̀.

A sùn ní Ìlọrin. Lọ́jọ́ kejì a gba Ìdó, a gba Ìfàkì, a gba Ìworóko, mọ́tò ń lọ wẹ́rẹ́ lórí òkè àti ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Nígbà tí a wọ Adó, mo gba gáréèjì Fájuyì kọjá ní ìmọ̀ọ́mọ̀ṣe. Àwọn awakọ̀ àtijọ́ jáde wá, wọ́n ń yí i po, wọ́n ń fọwọ́ pa á lára. Ọ̀kan nínú wọn dárúkọ yín. Mo ti rò pé n kò ní í sunkún níta gbangba, àṣé irọ́ ni mo ń pa.

Mo lè parí lẹ́tà yìí síbí, nítorí pé tìtorí mọ́tò náà ni mo ṣe fẹ́ kọ ọ́. Àmọ́ ó lé lóṣù kan tí mo ti dé, n kò sì kọ ọ́, n kò mọ ìdí rẹ̀. Òwúrọ̀ òní ni oníṣẹ́ lẹ́tà mú lẹ́tà Bọ̀dá Làmídì wá sí ilé ẹ̀kọ́. Ojú ìwé kan péré ni. Ó ní òun ti rí mọ́tò kan tí òun fẹ́ rà fúnra òun, òun fẹ́ fi ṣe takisí, ní Ìlọrin ló wà. Ó ní òun ti wọ abẹ́ rẹ̀, òun ti kàn án níwájú àti lẹ́yìn, ó dún dáadáa létí òun.

Ó ní òun kò ní í sanwó títí èmi náà yóò fi wá wò ó.

Làmídì ló kọ ọ́, Bàbá mi, Làmídì tí ẹ fi ọdún mẹ́sàn-án kọ́. Mo ka ìlà yẹn níwájú kíláàsì, mo ní kí àwọn ọmọ máa ka ìwé wọn wúyẹ́wúyẹ́, mo bọ́ sí ìta. Nígbà tí mo lè mí dáadáa, mo fi wáyà fún un lésì. Mo ní kí ó dúró dè mí ní Ìlọrin ní àárọ̀ Sátidé, mò ń bọ̀ wá wò ó.

Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
awòmọ́tò Adó.